Ìkòkò Tí Ọṣẹ Kò Gbọdọ̀ Kàn

Bí ẹ bá bèèrè Ṣẹ̀fíátù ẹlẹ́ja ní ọjà Atakpamé, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà ni àbí ìjà lẹ bá wá. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú. Ó kàn jẹ́ pé wọn kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu tútù gba ìyà ni. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, ó ga, ó pupa, èéfín sì ti wọ inú ìborùn rẹ̀ débi pé bó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, imú yín á ti mọ̀ kí ojú yín tó rí i. Ẹja inú adágún Nangbéto ló ń yan, àrọ̀ àti epìyà. Ó tún ń ṣe irú. Iṣẹ́ méjèèjì ló ń rùn, kò sì sẹ́. Ó máa ń sọ pé òórùn iṣẹ́ ṣì sàn ju òórùn ọ̀lẹ lọ.

Igbẹ́kọ̀yí ni ìyá rẹ̀ ń pè é nínú ilé, nítorí pé ọmọ mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ni kò dúró. Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn òbí rẹ̀, ọmọ Ìwó, ti ṣòwò fún ogún ọdún. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù wọn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wọn. Ẹ rò ó wò ná: ogún ọdún, kí ẹ wá fi ọjọ́ mẹ́rìnlá dì í lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò irú.

Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. "Wọ́n ń lé wa bí adìẹ, ìkòkò ni ìwọ rí gbé?"

Ìyá ní, "Wọ́n lè lé mi kúrò nílùú wọn. Wọn ò lè lé mi kúrò nídìí irú mi."

Ní ibodè, sójà kan yọ orí wo inú ìkòkò náà pé bóyá wúrà ni wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀. Ó gbóòórùn, ó sì fẹ̀yìn rìn. Owó ọkọ̀ tán ní Atakpamé, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, kí wọ́n tó dé Ìwó, ibẹ̀ ni wọ́n sì jókòó sí títí dòní. Nígbà tí ìyá yóò kú, kò fi ilé sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìkòkò yẹn ló fi lé Ṣẹ̀fíátù lọ́wọ́, pẹ̀lú òfin kan ṣoṣo: ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ó máa fi ṣan án, kí ó sì gbé e sóòrùn. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe irú ló mọ̀ pé irú inú ìkòkò tuntun kì í dùn tó ti ìkòkò àgbà. Wọn kò kàn mọ ìdí rẹ̀ ni.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú òjò, Ṣẹ̀fíátù ṣe àṣìṣe kan tí ẹni tí kì í ṣe irú, tí kì í sì í yan ẹja, kò lè ṣe láéláé. Àwọn ẹlẹ́ja yòókù máa ń da ìfun ẹja nù ni. Òun kì í dà á nù. Ó máa ń sè é, kí ó lè ré òróró orí rẹ̀, torí òróró ẹja dára láti fi dáná igi tútù. Ẹja pọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo agolo kún, Àmírátù ọmọ rẹ̀ sì ti yá aládùúgbò ní bàsíà. Ìkòkò irú nìkan ló ṣófo, kò tíì ṣan án pàápàá. Ó da òróró sínú rẹ̀, ó bò ó, ó sì wọkọ̀ lọ sí Notsé lọ kí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ kẹrin ló dé. Ìfófó ti gbé ọmọrí ìkòkò sókè.

Ṣé ẹ ti rí òróró tó hó bí ọṣẹ rí? Ṣẹ̀fíátù kò rí i rí. Ó bú ara rẹ̀ dáadáa, ó bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ pé kó má bínú, ó sì da ohun inú ìkòkò náà sórí àwọn ògbólógbòó àwọ̀n irin tí wọ́n ń to ẹja lé lórí ààrò. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rá dúdú ọdún mẹ́wàá ti ń ṣí kúrò lára irin bí èèpo iṣu tó jinná. Ẹlòmíràn á dúpẹ́, á sì gbàgbé. Òun tún un ṣe. Ó tún tún un ṣe. Nígbà tó ṣe, ó rí i pé ẹja tó bá gbé sórí àwọ̀n wọ̀nyẹn kì í tètè bu, kódà nínú òjò oṣù keje.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í yan ẹja, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Ọ̀tá méjì ni ẹlẹ́ja ní, ológbò àti bíbu. Ológbò ṣe é lé.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Céline, ọmọ ẹ̀yà Ifẹ̀ tó ni ilẹ̀ Atakpamé, tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Kamina. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá ra ẹja. Òun ló bèèrè pé kí ló dé tí ẹja Ṣẹ̀fíátù kì í bu nígbà tí ti gbogbo ọjà ń bu. Ṣẹ̀fíátù fi ìkòkò hàn án, Céline bu díẹ̀ sínú ìgò, ó lọ, ó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n bí ìbejì fún.

"Ìyá Àmírátù, nǹkan abẹ̀mí ń gbé inú ìkòkò yín. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Bakitéríà là ń pè wọ́n."

"Nínú ìkòkò ìyá mi? Ṣé kòkòrò lo ń pe irú mi ni?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Àwọn ló ń sọ wóró di irú láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ wá fún wọn ní òróró ẹja. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Nǹkan yẹn ló ń ṣe bí ọṣẹ, tó ń ká ọ̀rá kúrò lára irin. Òun kan náà ni kì í jẹ́ kí ohun tó ń mú ẹja bu rí àyè gbilẹ̀."

Ṣẹ̀fíátù ṣí ọmọrí, ó yọjú wo inú ìkòkò. Ó wá bèèrè ohun tó ká a lára jù. "Bí mo bá rìnrìn àjò, kí ni wọ́n ń jẹ?"

Céline rẹ́rìn-ín. Ó ní bí kò bá sí oúnjẹ, wọ́n á ká ara wọn jọ bí irúgbìn, wọ́n á sùn. Wọ́n lè gbẹ háúháú, kí wọ́n sùn fún ọdún púpọ̀. Omi àti oúnjẹ ló máa jí wọn. "Àmọ́ jafẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ má jẹ́ kó kàn wọ́n, omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun yẹn. Àwọ̀n irin nìkan sì ni kí ẹ máa fi fọ̀ o. Ẹ má dà á sára ẹja, mi ò tíì mọ̀ bóyá ó ṣe é jẹ."

Céline dán ìkòkò àwọn ẹlòmíràn náà wò. Ó lọ bá Fáwùmí tó ń ṣe irú ní Anié, ó fún irú tirẹ̀ ní òróró ẹja, kò hó rárá. Ti obìnrin kejì hó díẹ̀, ó rùn, ó kú. Ti ìkòkò Kùmásì nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀nba tó wà nínú ìgò Céline sì ti lọ tán sínú àyẹ̀wò.

Ọdún yìí ni Philippe dé. Ọmọ ìlú ni, ọmọ Ifẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ìmọ́tótó àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń gún régé, fáìlì kì í sì í kúrò ní abíyá rẹ̀. Ó wo ààrò, ó kọ̀wé. Ó wo igi, ó kọ̀wé. Ó ṣí ìkòkò, kò kọ nǹkan kan mọ́.

"Màmá, kí rèé?"

"Ìkòkò."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Òun ni mo fi ń fọ àwọ̀n."

"Èyí tó ń rùn báyìí? *Non*, Màmá, *non*." Ó tọ́ka sí ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fi ọṣẹ àti jafẹ́ẹ̀lì fọ ìkòkò yìí, àti gbogbo ohun tó bá ti kàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa ti ààrò yín pa."

"Mi ò fọ̀ ọ́."

Philippe rò pé kò gbọ́ dáadáa ni. Ó tún un sọ.

"Mo ní mi ò fọ̀ ọ́! Kòtò àgbàrá tó wà níwájú ọ́fíìsì yín, ewúrẹ́ kú sínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ló jẹrà sí. Ẹ kò rí ìyẹn, ìkòkò ìyá mi lẹ rí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Mùsíọ̀ Philippe."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Philippe kò rẹ́rìn-ín. Ó lẹ ìwé mọ́ ẹnu ààrò níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹnu Ṣẹ̀fíátù ṣe rí nìyẹn, ó máa ń ṣẹ́gun lówùúrọ̀, ìdílé rẹ̀ á sì san án nírọ̀lẹ́. Àmírátù sunkún. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń yan ẹja, ọkọ Àmírátù ti kú, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tó wà nílé ẹ̀kọ́, ààrò yẹn ló ń bọ́ wọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́. Ìkòkò lásán ni."

"Ìyá tó bí mi gbé e láti Kùmásì. Kì í ṣe lásán."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ọ́fíìsì Philippe, kì í ṣe láti lọ bẹ̀bẹ̀ o. Ó gbé àwọ̀n irin méjì lọ́wọ́, Céline sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú lẹ́tà tó fi Faransé kọ. Ṣẹ̀fíátù ní kí Philippe fúnra rẹ̀ fi jafẹ́ẹ̀lì fọ ọ̀kan, kí òun fi ìfófó òun fọ èkejì. Kí wọ́n yan ogún ẹja lọ́jọ́ kan náà, lórí iná kan náà, kí wọ́n to mẹ́wàá sórí àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí Philippe kó wọn sínú yàrá ìkẹ́rùsí ọ́fíìsì, kó sì tì í.

"Bí tèmi bá bu ju tìrẹ lọ," ó ti gbàgbé láti máa pè é ní ẹ̀yin, "màá fọ́ ìkòkò náà lójú gbogbo ọjà, ọwọ́ mi ni màá fi fọ́ ọ. Bí tìrẹ bá bu ju tèmi lọ, wàá yọ ìwé rẹ kúrò lẹ́nu ààrò mi."

Ẹni tí ìwé ń darí ni Philippe, àmọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ka lẹ́tà Céline lẹ́ẹ̀mejì. "Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Iye tí wọ́n fún ìyá mi nìyẹn."

Kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n ṣí ààrò fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Philippe dúró tì wọ́n pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó gún régé, èéfín sì mú un títí ó fi ń hukọ́ bí arúgbó. Ó kó ẹja àti àwọ̀n lọ, ó tì wọ́n mọ́ yàrá, ó sì fún Ṣẹ̀fíátù ní ìwé pé ìjọba gba àwọ̀n irin méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì dá fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ ń lọ. Ní ọjọ́ kẹtàlá, Ṣẹ̀fíátù lọ sí Nangbéto lọ bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ nípa ẹja ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọkàn Àmírátù kò balẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un lọ́jà pé bó bu bí kò bu, ọ́fíìsì á wá wó ààrò náà tí wọ́n bá tún rí ìkòkò yẹn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, kò ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í bèèrè ìdí. Ó ra jafẹ́ẹ̀lì ìgò mẹ́ta. Ó gbé omi kaná títí ó fi hó. Ó fi yanrìn bó inú ìkòkò, ó fọ gbogbo àwọ̀n, gbogbo igbá, ó sì dáná sun àpò tí wọ́n fi ń bo irú.

Nígbà tí Ṣẹ̀fíátù ti Nangbéto dé, ó ti gbóòórùn jafẹ́ẹ̀lì láti ẹnu ọ̀nà. Ìkòkò tó dúdú látijọ́ ti pupa bí amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ara rẹ̀ gbẹ, ó mọ́, kò rùn bí irú mọ́ rárá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Ìyá," ni Àmírátù wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mo ní bí wọ́n bá dé, kí wọ́n rí i pé ó mọ́."

Ó dun Ṣẹ̀fíátù wọra. Ó dùn ún ju ọjọ́ tí bàbá Àmírátù kú lọ, ojú sì tì í pé ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ bú ọmọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ohun tó lé òun àti ìyá òun kúrò ní Kùmásì náà ló lé ọmọ yìí dédìí jafẹ́ẹ̀lì. Ó pe Céline lórí fóònù. Céline ní lẹ́yìn omi híhó àti ìgò mẹ́ta, òun kò rò pé ohunkóhun ṣẹ́ kù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá Ṣẹ̀fíátù ń di ìborùn rẹ̀. Àmírátù bi í pé kí ló tún ń lọ ṣe, nígbà tí ohun tí wọ́n ń jà sí ti kú.

"Wọ́n pe ìkòkò ìyá mi ní ìdọ̀tí," ni Ṣẹ̀fíátù dáhùn. "Bó bá tiẹ̀ kú, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ wọn padà lórí òkú rẹ̀. Bọ́ síwájú, jẹ́ ká lọ."

Philippe ṣí yàrá ìkẹ́rùsí. Lórí àwọ̀n tó fi jafẹ́ẹ̀lì fọ̀, ẹja méje nínú mẹ́wàá ti bu, wọ́n funfun bí ẹni fi òwú bo ara. Lórí èkejì, ọ̀kan péré ló bu, nídìí ìrù. Ó yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbóòórùn wọn. Ó tún padà sórí tirẹ̀ bóyá ó ṣì wọ́n kà, ó kà wọ́n, méje náà ni.

"Màmá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ jàre. Mo máa yọ ìwé ẹnu ààrò yín lónìí. Ẹ lè máa lo ìkòkò yín."

Inú Àmírátù bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ó fi ọwọ́ bojú. Philippe rò pé ayọ̀ ni. Òun náà fẹ́ ṣe oore kún un, ó gbé àwọ̀n tó jàre, ó sì na ọwọ́ sí ìgò jafẹ́ẹ̀lì tó wà lórí pẹpẹ. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e lọ."

Ìgbà yẹn ni Ṣẹ̀fíátù rí i. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwọ̀n náà, níbi tí wáyà ti pàdé wáyà, tí iná ààrò kò dé, nǹkan kan gbẹ mọ́ irin, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èépá ẹ̀kọ. Ìfófó ọjọ́ kìíní ni. Ọ̀rọ̀ Céline sọ sí i lọ́kàn: wọ́n lè gbẹ háúháú. Omi àti oúnjẹ ló máa jí wọn.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Philippe. Ṣẹ̀fíátù já àwọ̀n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ ìborùn èjìká rẹ̀, ó sì fi wé e bí wọ́n ṣe ń wé ọmọ tuntun. Ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀ tán.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Mùsíọ̀ Philippe. Àwa fọ́wọ́ ara wa pa á nílé, ẹ̀yin lẹ bá wa tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, nínú àgádágodo ìjọba!"

Nígbà tí wọ́n délé, ó fi ọ̀bẹ lé Àmírátù lọ́wọ́. "Ìwọ tó fọ̀ ọ́ ni wàá ha á." Àmírátù ha igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìkòkò, kò jẹ́ kí wóró kan bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi wóró irú tó jinná díẹ̀ sí i, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, àti òróró ẹja, wọ́n sì fi àpò tuntun bò ó. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan, Àmírátù kò sì jẹun. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn irú bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìfófó gbé ọmọrí sókè.

Ṣẹ̀fíátù kò jó, kò sì pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ó wá àwọ̀n irin kékeré kan, ó rì í bọ inú ìfófó náà, ó sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Ó fún Àmírátù pé kó gbé e lọ fún Philippe ní ọ́fíìsì.

"Sọ fún un pé kó gbé e sínú yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀, kó tì í, kó sì fún ọ ní ìwé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá tún fọ ìkòkò mi, mo mọ ọ́fíìsì tí mo máa lọ."

Philippe wo àwọ̀n náà, ó wo Àmírátù, ó sì kọ ìwé náà.